"Àkúrun" kọ́ o: akika àti ẹ̀ga Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tá a máa lò fún "endangered species", ìyẹn ẹranko àtẹyẹ tó fẹ́ẹ́ tán, tèmi rèé. Ẹ̀gbọ́n tó ní ká máa pe ẹranko àtẹyẹ tí ò pọ̀ mọ́ ní "ẹ̀dá àkúrun", ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn ò wọ̀ mí létí. Ohun tó bá ti kú àkúrun ti lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́, bẹ́ẹ̀ akika (pangolin) ṣì wà, kódà mo rí ìpẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá lẹ́kùúlẹja kan ní ọjà Bódè n'Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú igbá, ó le gbagidi bí èékánná arúgbó, mo wá bi màmá pé ṣé wọ́n ṣì ń rí i rà dáadáa, wọ́n ní "ọmọ mi, ó ń tán lọ." Ṣẹ́ ẹ gbọ́? Wọn ò ní ó ti kú.

Àbúrò tó mú "àparun" wá, ó ń jọ ọparun létí mi, àmọ́ mo mọ ohun tó ní lọ́kàn, torí pípa ni wọ́n ń pa akika lóòótọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló sábà ń bí lẹ́ẹ̀kan, tẹ́rù bá sì bà á, ńṣe ló máa ká jọ kiribiti, ẹkùn ò ní rí ibi gé e jẹ, ọdẹ ní tiẹ̀ á kàn gbé e sápò ni. 2016 ni wọ́n fòfin de òwò gbogbo ẹ̀yà ẹ̀ 8 láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì.

Ẹ wá wo ẹ̀ga Ìbàdàn, tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní Malimbus ibadanensis, Elgood, onímọ̀ nípa ẹyẹ, ló fún un lórúkọ yẹn ní 1958. Ó dúdú, orí akọ ẹ̀ pupa fòò, apá ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà níbí nìkan ló wà láyé, ó wà nínú igbó IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn. Ta ló ń pa á? Igbó ni wọ́n ń gé mọ́ ọn lórí! Kí ni "pa" fẹ́ wá ṣe níbẹ̀? (Ẹ má sì pè é ní "ẹ̀ga olórí-pupa" o, àwọn ìbátan ẹ̀ kan náà lórí pupa. Ẹ̀ga tó ń pariwo lórí ọ̀pẹ kọ́ nìyí.)

Èmi mú ti màmá Bódè: "atánlọ". Akika atánlọ, ẹ̀ga atánlọ. Ẹnì kan ti ní ó ń dún bí epo inú kẹ́ẹ̀gì, kò burú, bó ṣe rí náà nìyẹn.

Ibi tó há mi ni ọ̀rọ̀ tó máa ṣáájú ẹ̀. "Ẹranko" ò gba ẹyẹ mọ́ra, "ẹ̀dá" sì rèé, tí ìyá mi bá gbọ́ "ẹ̀dá atánlọ", èèyàn ni wọ́n máa rò pé mo ń bú.