Ta ló ti bá májèlé pàdé nínú ilé ara rẹ̀? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ìyá Àkọ́bí

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ bí mo bá ti gbé fóònù báyìí, omi ni yóò máa bọ́ lójú mi. Lónìí mo ní kí n kọ ọ́.

Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún méjì àtààbọ̀ nígbà tí mo kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ ọ́n sọ ń pa rẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó máa ń ní "gbé mi", ó máa ń ní "ó tó". Díẹ̀díẹ̀, ó dákẹ́. Inú ń run ún ṣáá, kì í rí ìgbẹ́ yà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun báláú. Oògùn aràn, a lò ó. Oògùn ibà, a lò ó. Dókítà kẹta tí a lọ bá kò tíì mú gègé rárá tó fi bi mí pé, "Ìyá, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe ní àdúgbò yín?" Mo ní kò sí o. Ọkọ mi ló rántí ọgbà tí wọ́n ti ń tú ògbólógbòó bátìrì ọkọ̀, tí wọ́n ń yọ́ òjé inú rẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín àwa àti wọn.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Òjé inú rẹ̀ jẹ́ máíkírógíráàmù 38 nínú dẹsilítà kan. Dókítà ní bó bá ti dé 5, ó ti yẹ ká wá ibi tó ń gbà wọlé ká sì dí i, pé kò tilẹ̀ sí ìwọ̀n òjé kankan tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu fún ọmọdé. Tó bá dé 45 ni wọ́n ń lo oògùn tó ń fà á jáde lára ọmọ. Tiwa ò dé bẹ̀. Iṣẹ́ tó kù sí wa lọ́wọ́ ni ká gbé ọmọ kúrò níbẹ̀, ká sì fún un ní áyọ́ọ̀nù tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ àti kálísíọ̀mù tó ń mú eegun le, torí pé bí àwọn yẹn bá dín lára ọmọ, ńṣe ni ara rẹ̀ á túbọ̀ máa gba òjé.

Mo délé lọ́jọ́ náà, mo fi ìka nu etí fèrèsé tí ọmọ mi máa ń dúró sí wo ìta. Eruku rúsúrúsú kan báyìí, ó kúnná bí àtíkè. Mo wá rí ojú eyín rẹ̀ wẹ́wẹ́ lára igi fèrèsé náà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé igbó ló yí ọgbà yẹn ká nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀. Èèyàn ń pọ̀, ilẹ̀ ń wọ́n, ilé ń sún mọ́ ọn lọ́dọọdún títí yàrá tí ọmọ ń sùn fi wá fara kan ògiri rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí ọgbà kó lọ, kò sì sẹ́ni tó kìlọ̀ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí?

Ọwọ́ Mi Rèé

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ọ̀rọ̀ yín. Irú ọgbà yẹn lèmi ti ṣiṣẹ́.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi tú bátìrì. Àáké la fi ń là á. A óò da ásíìdì rẹ̀ sílẹ̀, a óò kó òjé inú rẹ̀ sínú ìkòkò irin, a óò sì koná mọ́ ọn nídìí. Kò sí ìbọ̀wọ́, kò sí ìbomú. Aṣọ tí mo fi ṣiṣẹ́ náà ni mo ń wọ̀ lọ sílé. Bí mo bá ti yọ báyìí, ọmọ mi á sáré wá dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, á máa fojú nu ṣòkòtò mi. Èmi bàbá rẹ̀ ni mo ń gbé eruku òjé wọlé fún un.

Lọ́dún karùn-ún, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ife omi lásán, mi ò lè gbé e dúró. Wọ́n sọ fún mi ní ọsíbítù pé òjé tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á máa dín kù láàárín oṣù díẹ̀ tí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n eyí tó ti wọ eegun lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàwó mi ló ń fọ aṣọ mi, òun náà lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kó tó lóyún ìkejì, torí pé inú eegun ìyá ni oyún ti ń fa kálísíọ̀mù, òjé á sì bá a jáde.

Ẹ má bínú jù sí àwọn tó ń ṣe é, mà. Òjé tí gbogbo ayé ń lò lónìí, ó lé ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún tó ń lọ sínú bátìrì. Bí èèyàn ṣe ń pọ̀, tí ọkọ̀ àti iná oòrùn ń pọ̀, bátìrì tó ti kú náà á máa pọ̀, ẹnì kan á sì tú u. Ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ tó ń gba èéfín mú, tó jìnnà sílé gbígbé, ló yẹ kó máa lọ. Ẹ̀yìnkùlé kọ́.

Ọmọ Àgbẹ̀

Tèmi ò gùn. Oko wa ò fẹ̀ sí i, ẹnu tó ń jẹ níbẹ̀ ló ń pọ̀, bàbá mi sì ń fín oògùn apakòkòrò lẹ́ẹ̀mẹta lórí ilẹ̀ tí bàbá tiwọn ò fín nǹkan kan sí. Wọ́n rọ ìyókù sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àbúrò mi ọmọ ọdún mẹ́rin gbé e mu.

Ká tó dé ọsíbítù, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ wàràwàrà, òógùn bò ó. Mo la ojú rẹ̀, dúdú inú ẹyinjú rẹ̀ ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wò náà nìyẹn. Léraléra ni wọ́n ń gún un ní abẹ́rẹ́ atropine, tó ń bá májèlé náà jà, títí itọ́ yẹn fi dá. Ó yè é. Láti ọjọ́ náà, inú ike tí oògùn bá bá wá ló ń wà, nínú àpótí tí a ń tì.

Ará Kànga

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa, a ti pọ̀ jù. Ìdílé mẹ́rin ló ń pọn kànga wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n lé ní ogójì báyìí, ṣáláńgá sì wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí i. Lọ́dún tó kọjá, ilé bí ilé ni ìgbẹ́ gbuuru wọ̀. Bí a ò bá dín ọmọ bíbí kù, ibo la fẹ́ gbà?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ará Kànga, ẹ̀dùn yín yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní 1950, nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.5 ni gbogbo ọmọ aráyé. A ò tíì pọ̀ nígbà yẹn, síbẹ̀ òjé wà nínú bẹntiróòlù lọ́tùn-ún lósì, torí pé láti 1921 ni onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Thomas Midgley, ti ṣàwárí ní Amẹ́ríkà pé kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa kan gbọ́ngbọ́n. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1970, òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kéékèèké ní Amẹ́ríkà tó bíi 15 ní ìpíndọ́gba. Lónìí, kò tó 1. Orílẹ̀-èdè Algeria ló kẹ́yìn láti ta bẹntiróòlù bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀, wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní oṣù keje 2021. Nígbà yẹn, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé bílíọ̀nù 8, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde ní ọjọ́ 15, oṣù kọkànlá 2022. A di ìlọ́po mẹ́ta, òjé sì kúrò nínú èéfín ọkọ̀. Òfin ló lé e lọ.

Fífètò sọ́mọ bíbí dára, iṣẹ́ mi ni, ara ìyá ló ń ṣe láǹfààní. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún ìyá tí òjé wọ ọmọ rẹ̀ lára pé ọmọ ló pọ̀ jù. Ní 2020, UNICEF àti Pure Earth, àjọ tó ń gbógun ti májèlé ní àyíká, ní ó tó nǹkan bí 800 mílíọ̀nù ọmọ tí òjé ẹ̀jẹ̀ wọn ti dé 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ kan nínú mẹ́ta nìyẹn! Ti kànga yín, ẹ bá àwọn ará àdúgbò jókòó kí ẹ gbé ṣáláńgá yẹn kúrò. Ọgbọ̀n mítà ni ìlànà tí wọ́n sábà ń fún wa.

Ìyá Àkọ́bí, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ilé ní gbígbẹ o, eruku á gbéra ni. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi máa nù ún. Ẹ máa fọ ọwọ́ ọmọ kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ìyá Àkọ́bí

Ẹ ṣé gan-an ni. Arákùnrin Ọwọ́ Mi Rèé, inú ò bí mi sí yín rárá, Ọlọ́run á fún ọwọ́ yín lókun.

A ti kó kúrò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 38 ti di 19. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń bomi sí i lára, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní "ó tó". Mo fi ife sílẹ̀, mo sunkún.

Lánàá mo gba iwájú ilé àtijọ́ kọjá. Wọ́n ti fi yàrá wa fún tọkọtaya mìíràn. Ìyàwó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọmọ tó ń rá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti kọjá lọ ná, mo tún padà. Mo kí i, mo ní kó bá mi dé ìdí fèrèsé. Mo fi ìka nu etí rẹ̀, mo nà án sí i kó wò ó. Mo fi ojú eyín ọmọ mi hàn án lára igi.

Lọ́la, èmi àti ẹ̀ la jọ ń gbé ọmọ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.