Ẹja mi ò jẹun láti Sátidé, ẹ gbà mí o

Ìyá Ìbejì Tanke: Àsàláámù aláékùmù ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo gbé wá o. Lionfish kékeré kan, ẹja òkun ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń sìn nínú tánkì, kò ju ìka àárín mi lọ, ni mo rà l'Ékòó ní Sátidé, inú ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ ọ́síjìn sí ni mo gbé e sí, mọ́tò wa ò tètè kúrò l'Ékòó, ilẹ̀ ti ṣú ká tó dé Ìlọrin. Àtìgbà tí mo ti tú u sílẹ̀ sínú tánkì omi iyọ̀ mi ló ti fara ti ẹ̀yìn òkúta, ó na lẹbẹ rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, kò sá fún mi, ṣùgbọ́n kò jẹun. Mo ju oúnjẹ ẹja oníkóró sí i, ó ń wò ó títí tó fi balẹ̀. Mo gún edé gbígbẹ, mo bù ú sí i, kò dá a lóhùn. Omi ti ń dà bí omi ògì báyìí. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́fà. Tí mo bá jí láàárọ̀ òun ni mo kọ́kọ́ ń lọ wò, ẹ̀rù ti ń bà mí kí n tó tan iná. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ọ̀fà: Wa aláékúmù sàláámù mà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ wá ọmọ ẹja àrọ̀ wẹ́wẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń sin ín, ẹ jù ú sí i láàyè, á gbé e mì.

Bàbá Onítánkì: Ọmọ Ọ̀fà, àbúrò mi, má jẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Omi dídùn ni àrọ̀ ń gbé, kò ní pẹ́ kú nínú omi iyọ̀, ó sì lẹ́gùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó lè há ẹja kékeré lọ́nà ọ̀fun, ọ̀rá ara ẹja omi dídùn náà kì í ṣe irú èyí tí ẹja òkun nílò.

Ìyá Ìbejì, ẹja yín ò ṣagídí o. Ọdẹ ni. Nínú òkun, ńṣe ló máa ń rọra tẹ̀ lé ẹran rẹ̀, á fi lẹbẹ méjèèjì sé e mọ́ igun, á wá là á mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí kò bá mira, kò mọ̀ pé oúnjẹ ni, ìdí nìyẹn tó fi ń wo ohun tí ẹ jù sí i tí kò ṣe nǹkan kan.

Àmọ́ omi yẹn ló kàn mí lóminú jù. Ẹ fi rọ́bà fa gbogbo ohun tó rà nísàlẹ̀ yẹn jáde lónìí, ẹ pààrọ̀ bí ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà, iyọ̀ tánkì òkun ni kẹ́ ẹ pò, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o, kó wà ní 1.025 lójú ohun tí a fi ń wọn iyọ̀ omi, kó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti tánkì. Ẹ yẹ àmóníà wò, ìyẹn oró tó ń jáde lára ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó rà, òdo ló yẹ kó jẹ́. Báwo ni omi yín ṣe gbóná tó?

Ìyá Ìbejì Tanke: 31 lórí òṣùwọ̀n Celsius sà. Wọn ò mú iná wá láti àná, oòrùn Ìlọrin yìí ẹ náà mọ̀ ọ́n.

Bàbá Onítánkì: Ó ti pọ̀ jù. 24 sí 27 ló dáa fún un, omi tó bá gbóná kì í ní ọ́síjìn púpọ̀ nínú. Ẹ ṣí ìdérí, tí iná bá dé kẹ́ ẹ kọ fáànù sí ojú omi, kẹ́ ẹ má ju yìnyín sí i. Omi á máa fà, iyọ̀ kì í bá a lọ, torí náà omi tó mọ́ tí kò níyọ̀ lẹ ó fi dí èyí tó fà.

Oúnjẹ wàyí. Ẹ ra edé tútù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja yìnyín, tútù o, kí wọ́n má ti bọ̀ ọ́, kó má níyọ̀. Ẹ bó o, ẹ gé e kéékèèké kó gba ẹnu rẹ̀ dáadáa. Ẹ wá igi tsire kan, ẹ gé ṣóńṣó rẹ̀ kúrò kó má gún un lójú, ẹ fi edé há a lẹ́nu díẹ̀, kó rọrùn láti já. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é, kẹ́ ẹ pa iná tánkì, torí ìgbà yẹn ló ń ṣọdẹ. Ẹ mì ín ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ níwájú rẹ̀ bí edé tó ń sá lọ, ẹ má gbé e kò ó lójú. Tí kò bá gbà á láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ yọ ọ́, ó dọ̀la.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fojú sí ẹ̀gún rẹ̀ o, oró wà níbẹ̀, ti ẹ̀yìn, ti abẹ́ ikùn àti ti ìdí. Ẹ má ki ọwọ́ bọ tánkì tẹ́ ò bá rí ibi tó wà, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ìbejì dé ibẹ̀ rárá. Tó bá gún èèyàn, omi gbígbóná tí ara lè gbà, bíi 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ni kẹ́ ẹ ki ọwọ́ náà bọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, ọwọ́ tí kò dùn yín ni kẹ́ ẹ fi dán omi wò, kẹ́ ẹ wá gba ọsibítù lọ.

Ìyá Ìbejì Tanke: Ẹ ṣeun púpọ̀ mà, mo ti lé wọn kúrò nídìí ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Tanke: Ẹ̀yin èèyàn mi, alihamdulilahi! Ọjọ́ Jímọ̀ kò jẹ, Sátidé ó yíjú sí i nìkan. Ìrọ̀lẹ́ òní, mo mì ín títí apá ń ro mí, mo ti fẹ́ yọ ọ́, ni mo rí i tó kúrò lẹ́yìn òkúta wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó na lẹbẹ méjèèjì yí igi náà ká, ó dúró gbáá. Kí n tó mọ̀, edé ti lọ! Ó gba ẹyọ mẹ́ta. Mo kígbe débi pé bàbá wọn sáré jáde. Ṣé kí n fún un lọ́la?

Bàbá Onítánkì: Ẹ kú oríire. Ẹ fún un ní kékeré lọ́la torí ebi ti pa á, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹ sì fún wa lábọ̀ àmóníà yẹn.