Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ máàpù àtijọ́ kà? Kent ni o

AbíkẹGravesend
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkọ mi ra máàpù kan ní ṣọ́ọ̀bù charity, ó ti wà nínú fréémù, Kent ni wọ́n kọ sórí ẹ̀, orúkọ John Speed wà níbẹ̀, wọ́n ya ìlú Canterbury àti Rochester sí igun ẹ̀, wọ́n tún fi àmì oyè àwọn Earl há ẹ̀gbẹ́ kan. Ó rẹwà o, àmọ́ mi ò lóye ẹ̀ rárá. Òkè kún inú ẹ̀ bí ebè iṣu, èmi tí mò ń gbé Kent ńbí mi ò rí òkè tó pọ̀ tó yẹn rí. Àwọn ibì kan tún wà tí wọ́n ṣọgbà yí ká, kò sílé, kò séèyàn, igi nìkan. Odò sì rèé, gbogbo ẹ̀ ló fẹ̀ gbẹ̀ǹgbẹ̀. Mo wá ń wá títì, títì dà? Ọ̀nà London sí Dover tó gbajúmọ̀ tó yẹn, mi ò rí i. Àbí wọn ò lọ́nà nígbà yẹn ni?

BàbáMáàpù
Ẹ kú ilé, sístà. Ọkọ yín lójú o. Máàpù yẹn wà lára èyí tí Speed, ọ̀gá ayamáàpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, kó jọ sínú ìwé ẹ̀ tó jáde ní 1611 sí 1612, Jodocus Hondius ló sì fín in sórí awo bàbà ní Amsterdam kí wọ́n lè fi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.

Ẹ má fojú Google Maps wò ó. Kò sẹ́ni tó wọn gíga àwọn òkè yẹn, wọ́n kàn fi ń sọ fún yín pé ilẹ̀ ibẹ̀ ga ni. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, ẹ máa rí i pé ìlà wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi kun ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún òkè kọ̀ọ̀kan, kó lè dà bíi pé oòrùn ń ràn bọ̀ láti òsì. Òkè tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 200 àtèyí tó ga ní 800, bákan náà ni wọ́n á rí, torí náà ẹ ò lè fi iye òkè tẹ́ ẹ kà níbẹ̀ sọ nǹkan kan. Nígbà tí Ordnance Survey, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ya máàpù, tẹ máàpù wọn àkọ́kọ́ ní 1801, Kent yìí kan náà ni o, ìlà wẹ́wẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè ni wọ́n lò, bí òkè bá ṣe dagun sí ni ìlà á ṣe ṣú sí. Ó tún pẹ́ díẹ̀ sí i kí ìlà tó ń sọ iye gíga tó dé.

Àwọn tí wọ́n ṣọgbà yí ká yẹn, ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Pápá àgbọ̀nrín àwọn ọlọ́lá ni. Wọ́n á fi pákó ṣọgbà yí igbó ká kí ẹran má bàa sá jáde, wọ́n á máa ṣọdẹ níbẹ̀. Ẹ wá Knole lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sevenoaks, pápá yẹn ṣì wà dòní, àgbọ̀nrín ṣì ń jẹko níbẹ̀, ẹ lè kó àwọn ọmọ lọ ní Sátidé. Àwọn ọlọ́lá yẹn náà kúkú ló ń ra máàpù, ẹ̀yin náà ẹ rò ó, ta ni ò ní fẹ́ rí ilẹ̀ ẹ̀ lórí ìwé?

Dèjì_Chatham
Bọ̀dá ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ fo ọ̀rọ̀ títì o 😂

Ọ̀nà wà, Aunty Àbíkẹ́. Àtayé àwọn ará Róòmù ni ọ̀nà London sí Canterbury sí Dover ti wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Christopher Saxton tó kọ́kọ́ ya gbogbo káúńtì England, tí ìwé ẹ̀ jáde ní 1579, kò ya ọ̀nà, Speed sì wo iṣẹ́ Saxton àti tàwọn míì ṣe tiẹ̀ ni. Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n yà, John Norden ti ya ọ̀nà sórí máàpù káúńtì Middlesex ní 1593, ó tiẹ̀ ṣàlàyé àmì kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí tí Saxton ò ṣe, Philip Symonson náà ya ọ̀nà sórí Kent yìí gan-an ní 1596. Lójú tèmi Speed kàn ṣọ̀lẹ ni, bọ̀dá ẹ má bínú. Ìgbà tí John Ogilby gbé ìwé ọ̀nà tiẹ̀ jáde ní 1675 ni àwọn tó ń ya káúńtì wá ń fi ọ̀nà sí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Odò ló ṣe pàtàkì sí wọn, orí omi lẹrù wúwo ń gbà, ìdí nìyẹn tó fi fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà kúkúrú méjì tó dábùú odò, afárá nìyẹn, ẹ tẹ̀ lé afárá láti ìlú dé ìlú, ẹ máa fojú inú rí ọ̀nà tẹ́ ẹ̀ ń wá. Abúlé ni róbótó kékeré tó ní ṣọ́ọ̀ṣì lórí, ìlú ńlá á ní ilé gogoro tó pọ̀ lójú kan. Àwọn tó-tó-tó tó pín ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ìpín ìjọba ìbílẹ̀ ìgbà náà ni, hundred ni wọ́n ń pè é.

ÌyáÌwé
Gbogbo yín ń ṣàlàyé, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ojúlówó ni. Àwọn ẹ̀dà máàpù Speed tí wọ́n tẹ̀ láyé òde òní pọ̀ lọ súà. Àbíkẹ́, rọra yọ ọ́ nínú fréémù. Ojúlówó inú ìwé yẹn máa ní ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sábà máa ń jẹ́. Fọwọ́ tọ́ etí àwòrán yẹn wò, ibi tí awo bàbà tẹ ìwé mọ́lẹ̀ á jin díẹ̀. Fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, bó o bá rí tó-tó-tó aláwọ̀ mèremère nínú kálà ẹ̀, ẹ̀rọ ìgbàlódé ló tẹ̀ ẹ́. Dúdú nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ nígbà yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kun ún, kálà gíríìnì àtijọ́ sì máa ń jẹ ìwé dé ẹ̀yìn, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

AbíkẹGravesend
Ẹ ṣé gan-an ni mà. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀ o! Gẹ̀ẹ́sì ni, àmọ́ gbogbo s ibẹ̀ ló dà bí f, orí ń yí mi. Etí ẹ̀ náà sì jin lóòótọ́. Ibì kan ti fẹ́ ya, ṣé kí n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́?

ÌyáÌwé
Háà! Sẹ́lótéèpù kẹ̀! Má dán an wò. Gọ́ọ̀mù ẹ̀ á wọnú ìwé, kò ní jáde mọ́. Gbé e fún ẹni tó ń tún ìwé àtijọ́ ṣe, kó o tó tún gbé e kọ́ ògiri, kó má sì kọjú sí fèrèsé, oòrùn á pa kálà yẹn.