Ta ni wọ́n ń ṣe mọ́tò fún l'Amẹ́ríkà nígbà tí gbogbo èèyàn ń wá Camry?

ỌmọÌbarà_Onímọ́tò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé ló jẹ́ kí n wá tẹ̀ ẹ́ síbí. Mo tẹ̀lé bọ̀ọ̀dá mi kan lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀ l'Ókè-Ìlewó, wọ́n ń wá mọ́tò tí wọ́n á máa gbé lọ Èkó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, a wá bá méjì tí owó ọwọ́ wọn ká, Toyota Camry Muscle 2009 kan àti Ford Fusion 2010. Ká má parọ́, Fusion yẹn mọ́ ju Camry lọ, àga aláwọ ni, ẹ́sì ẹ̀ ń mú bíi fìríìjì, ẹni tó ń tà á sì ti ṣetán láti já owó ẹ̀ wálẹ̀ dáadáa. Bọ̀ọ̀dá mi ò tiẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ra mọ́tò Amẹ́ríkà, ti Japan làwọn ń fẹ́.

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo inú gíláàsì iwájú, níbi tí nọ́ńbà ṣáàsí máa ń wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ dírẹ́bà. Ti Camry, 4T1 ló fi bẹ̀rẹ̀. Ti Fusion, 3FA. Nọ́ńbà tó bá fi 1, 4 tàbí 5 bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti to mọ́tò yẹn, 2 ni Kánádà, 3 ni Mẹ́síkò, J ni Japan. Ṣẹ́ ẹ rí i báyìí? Camry tí wọ́n ń pè ní ti Japan, ọwọ́ òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ló ti jáde, torí láti 1988 ni Toyota ti ń ṣe Camry ní Georgetown, ìpínlẹ̀ Kentucky, Honda náà sì ti ń ṣe Accord ní Marysville, Ohio láti 1982. Fusion tí wọ́n torí Amẹ́ríkà sá fún, Hermosillo ní Mẹ́síkò ni wọ́n ti tò ó.

Torí náà kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé ọwọ́ ará Amẹ́ríkà ò mọ mọ́tò ṣe. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ tiwọn gan-an ló pa èèyàn bíi bọ̀ọ̀dá mi tì, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ o! Ní ìparí 1985 tí Ford gbé Taurus jáde, àwọn ará ibẹ̀ rọ́ lù ú, láti 1992 títí dé 1996 kò sí sàlúùnù, ìyẹn mọ́tò onílẹ̀kùn mẹ́rin bíi Camry, tó tà tó o lọ́hùn-ún. Kí ni wọ́n wá ṣe? Módẹ̀lì 1996 wọ́n yí ojú ẹ̀ padà, gbogbo ẹ̀ di roboto bí ẹyin títí kan gíláàsì ẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ èèyàn ò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, nígbà tó fi máa di 1997 Camry ti gba ipò yẹn. Dípò kí wọ́n jókòó tún un ṣe, wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa gbó lọ, àwọn tó ń fi mọ́tò háyà ni wọ́n wá ń tà á fún. April 2018 ni Ford wá kéde pé àwọn ń jáwọ́ nínú sàlúùnù ní Àríwá Amẹ́ríkà, Mustang, mọ́tò eré wọn, làwọn máa dì mú. Chevrolet pa Cruze ní 2019, wọ́n pa Impala ní 2020, Malibu tẹ̀lé e ní ìparí 2024. Chrysler náà pa 300 ní 2023.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo fẹ́ràn mọ́tò Amẹ́ríkà dọ́kàn. Mustang V8 kan máa ń gba Panṣẹ́kẹ́ kọjá nírọ̀lẹ́, tí mo bá ti gbọ́ ìró ẹ̀ mo máa dá ohunkóhun tí mò ń ṣe dúró títí á fi lọ. Corvette, mọ́tò eré Chevrolet tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnì ẹ̀ sẹ́yìn dírẹ́bà láti módẹ̀lì 2020, iṣẹ́ ọpọlọ ni, mo máa ń wò ó lórí fóònù mi lálaalẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé Corvette lọ ra ẹja lọ́jà Kútọ̀? Ìbéèrè mi nìyí: kí lẹ rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń fẹ́ gan-an nínú mọ́tò, ṣé àwọn ilé iṣẹ́ yìí ò mọ̀ ọ́n ni àbí wọ́n mọ̀ wọn ò kàn kà á sí?

Mẹkáníìkì_Lafẹ́nwá

Àbúrò, ọ̀rọ̀ gidi lo gbé kalẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń tún mọ́tò ṣe ní Lafẹ́nwá níbí, ohun tí ojú mi rí ni mo máa sọ. Oníbàárà kan ò bi mí nípa họ́ọ̀sì páwà, ìyẹn agbára ẹ́ńjìnì, rí. Tí wọ́n bá fẹ́ ra mọ́tò tí wọ́n pè mí, wọ́n á ní ṣé páàtì ẹ̀ wà, ṣé kò ní máa mu epo, tí nǹkan bá le tí àwọn fẹ́ tà á ṣé àwọn máa rẹ́ni rà á. Ó tán.

Páàtì yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tí bọ́ọ̀ṣì apá Camry bá jẹ lónìí, mo máa rán ọmọ iṣẹ́ mi, kó tó tó wákàtí kan ó ti dé, tuntun wà, tòkunbọ̀ wà, àdàmọ̀dì náà wà fún ẹni tówó ẹ̀ ò tó. Ọdún tó kọjá oníbàárà mi kan gbé jíìpù Amẹ́ríkà kan wá, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, sẹ́nsọ̀ kan péré ló bàjẹ́, kò tóbi tó àtàǹpàkò mi, òun ló ń jẹ́ kí mọ́tò máa kú lójú títì. A wá a l'Ábẹ́òkúta kò sí, wọ́n wá a dé Ládípọ̀ l'Ékòó, ti módẹ̀lì ọdún mìíràn ni wọ́n rí, kò wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni jíìpù yẹn fi wà lábẹ́ igi máńgòrò mi tí ewé ń bọ́ lé e lórí kí ẹnì kan tó bá wa mú un bọ̀ látòkè òkun. Mọ́tò yẹn ò burú o, irin ara ẹ̀ nípọn, ẹ́ńjìnì ẹ̀ lágbára, àmọ́ ẹni tó ni ín ti wọ ọ̀kadà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ohun tí mo lè sọ fún un mọ́.

Ẹ wo Pontiac Vibe náà. Bàbá kan ní Ìtòkò ní ọ̀kan, 2005, wọ́n wá bá mi tẹ̀rùtẹ̀rù pé ta ló máa bá àwọn tún Pontiac ṣe nígbà tí wọn ò ṣe é mọ́. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mo ní bàbá ẹ wá wò ó. 1ZZ ni ẹ́ńjìnì tó wà níbẹ̀, ti Toyota Corolla àti Matrix gan-an. Fremont ní California ni GM (General Motors, àwọn tó ni Chevrolet àti Pontiac) àti Toyota ti jọ ń ṣe mọ́tò láti 1984, ibẹ̀ ni Vibe ti jáde, nígbà tí gbèsè wọ GM lọ́rùn ní 2009 ni wọ́n pa Pontiac rẹ́, Tesla ló wà nínú ọgbà Fremont yẹn báyìí. Bàbá yẹn ṣì ń gbé e dòní, ọ́ìlì àti páàdì búréèkì ni mo kàn máa ń pààrọ̀. Orúkọ Amẹ́ríkà ló wà lójú ẹ̀ o, kò sì dẹ́rù bà mí, torí tí nǹkan ẹ̀ bá bàjẹ́ mo mọ ṣọ́ọ̀bù tí mo máa yà sí.

Àdìó_Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Kémta ni mí, Houston ni mò ń gbé. Ẹ má bínú, mi ò gbà pé wọn ò mọ ohun téèyàn ń fẹ́. Ẹni tẹ́ ẹ̀ ń sọ nípa ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ta mọ́tò fún ni. Tí mo bá ṣí fèrèsé mi báyìí, pikọ́ọ̀pù ni mo máa rí níwájú ilé mẹ́ta lọ́tùn-ún, ẹni tó ń fi gbé plánkì wà níbẹ̀, ẹni tí kò gbé nǹkan kan rí náà wà níbẹ̀. F-Series ti Ford ló ń tà jù nínú pikọ́ọ̀pù níbí láti 1977. Èrè tó wà lórí ọ̀kan ju èrè orí sàlúùnù lọ fíìfíì, ṣé wọ́n á wá fi èyí tó ń mówó wọlé sílẹ̀ ni?

Òfin náà tún dáàbò bò wọ́n. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù gbé owó bodè lé adìẹ Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà náà gbẹ̀san ní 1964, wọ́n gbé 25% lé àwọn nǹkan kan títí kan pikọ́ọ̀pù tó bá wá láti ìlú òkèèrè. Ti àwọn nǹkan tó kù wọ́n ti yọ ọ́ tipẹ́, ti pikọ́ọ̀pù ò kúrò níbẹ̀. Sàlúùnù ò ní irú ọgbà bẹ́ẹ̀ yí ká nígbà yẹn, ibẹ̀ làwọn ará Japan ti wọlé, pàápàá nígbà tí epo wọ́n ní 1973 tí àwọn èèyàn ń tò sórí ìlà ní ilé epo. Ìdí tí wọ́n fi sá sídìí pikọ́ọ̀pù àti jíìpù nìyẹn.

Ibi tí mo ti bá ọmọ Ìbarà rìn ni ti owó. Mọ́tò tuntun ti wọ́n kọjá sísọ níbí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ó wá sàlúùnù tuntun ti Ford tàbí ti Chevrolet, kò rí, ló bá ra Camry, gbogbo Camry láti módẹ̀lì 2025 sì ti di háíbríìdì, ìyẹn èyí tó ń lo epo pọ̀ mọ́ iná mànàmáná, epo tó ń mu ò tó nǹkan. Kì í ṣe pé ó kórìíra Ford tàbí Chevrolet, wọn ò ní nǹkan tí wọ́n máa tà fún un ni.

Ìyá_Ìbejì_Àṣẹrò

Ẹ̀yin ọkùnrin ẹ kàn ń sọ sàlúùnù sàlúùnù, ṣẹ́ ẹ bi àwa obìnrin ni? Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, mo máa ń kó o lọ Èkó. Èmi jíìpù ni mo fẹ́ o. Mo fẹ́ jókòó sókè kí n rí kòtò kí n tó kó sí i, mo fẹ́ gbé ẹrù mi sẹ́yìn kí àwọn ọmọ sì ráyè jókòó, tí òjò bá rọ̀ tí omi bo títì mi ò fẹ́ máa gbàdúrà lórí stíà. Torí náà bí wọ́n ṣe pa sàlúùnù tì yẹn, kò dùn mí rárá, ohun tí mo fẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Ohun tó jẹ́ kí n sá fún tiwọn yàtọ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, mi ò ní sọ orúkọ ẹ̀, jíà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá mi lẹ́yìn bí ẹni fi ẹsẹ̀ ta àga mi, wọ́n ní kí n pààrọ̀ ọ́ìlì jíà mo pààrọ̀ ẹ̀. Ọjọ́ kan nítòsí Ìfọ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú, òjò ń rọ̀, àdìrẹ àádọ́ta wà lẹ́yìn mi, mo tẹ iná, ẹ́ńjìnì ń pariwo, mọ́tò ò sún. Jíà ẹ̀ wà ní D tó ń gbé mọ́tò síwájú o. Aago mẹ́sàn-án kọjá kí wọ́n tó fà mí kúrò níbẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Owó tí wọ́n pè fún jíà ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí mo fi ra mọ́tò.

Highlander 2011 ni mò ń gbé báyìí. Nígbà tí mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ, mo jáde lọ wo nọ́ńbà ṣáàsí ẹ̀, 5TD ni. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó! Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, látọdún yìí wá mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ti Japan ni.

ỌmọÌbarà_Onímọ́tò

Ẹ pẹ̀lẹ́ mọ́mì, ọ̀rọ̀ Ìfọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Mo sì gbà fún yín, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fẹ́ jókòó sókè, ẹ̀gbọ́n Àdìó náà ti jẹ́ kí n rí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ mi ò tíì jáwọ́. Ẹ wo Ford Maverick tí wọ́n gbé jáde ní 2021, pikọ́ọ̀pù kékeré, háíbríìdì, owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ò tó 20,000 dọ́là. Àwọn èèyàn sáré bò ó débi pé ní January 2022 Ford ní kí wọ́n dá ọ́dà gbígbà dúró. Ford ló ṣe é! Wọ́n ṣe nǹkan tí owó ẹ̀ mọ níwọ̀n, tí kì í mu epo, àwọn èèyàn wá a wá. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ń gbówó lé e lọ́dọọdún. Ibẹ̀ ni inú ti ń bí mi, torí wọ́n ti rí i lójú ara wọn.

Ẹ̀gbọ́n Lafẹ́nwá, bọ̀ọ̀dá mi ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Wọ́n ní àwọn ṣì fẹ́ Camry, àmọ́ wọ́n ní tẹ́ ẹ bá lè bá àwọn wo Fusion yẹn, àwọn máa ronú sí i. Ṣẹ́ ẹ máa ráyè lọ́jọ́ Ajé?

Mẹkáníìkì_Lafẹ́nwá

Màá ráyè. Èmi ni màá wá bá yín l'Ókè-Ìlewó, màá mú skánà tí a fi ń yẹ kọ̀ǹpútà mọ́tò wò dání, aago méje àárọ̀. Sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má ṣe tẹ kọ́kọ́rọ́ sí i kí n tó dé o, tútù ni mo fẹ́ bá ẹ́ńjìnì yẹn, màá gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kí n tó gbà. Ní kí bọ̀ọ̀dá ẹ béèrè iye tí jíà tòkunbọ̀ ẹ̀ jẹ́ ní Ládípọ̀ kí ọjọ́ Ajé tó pé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iye ti Camry.