Kí ni kí a bèèrè kí wọ́n tó gbẹ́ kòtò èédú nítòsí wa?
Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìwakùsà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ ká ilẹ̀ orí èédú kúrò nítòsí wa, kí wọ́n sì máa wà á ní gbangba. Mo mọ̀ pé wọn yóò máa fa omi kúrò nínú kòtò náà, èyí tí ó lè mú kí omi kànga wa fà sílẹ̀, àti pé bí àpáta tí ó ní imí-ọjọ́ bá kan afẹ́fẹ́ àti omi, omi kíkan ni yóò máa sun jáde. Nínú ìwé tí wọ́n pín fún wa, ìlà kan péré ni wọ́n fi dárúkọ omi. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló gba ìyókù. Àyẹ̀wò wo ni kí a ṣe sí kànga wa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀? Ta ni ó sì yẹ kí owó àtúnṣe ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ilé-iṣẹ́ náà bá kógbá wọlé?