Ọ̀gá mi ní ọlidé Iléyá ti jẹ líìfù mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ń bí mi, ẹ má bínú tó bá gùn. Ilé búrẹ́dì kan n'Íbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, èmi ni mò ń ka búrẹ́dì fún àwọn tó ń wá kó o lọ tà, èmi náà ni mò ń gbálẹ̀ tí ọmọ tó ń gbálẹ̀ ò bá wá. Àná ni mo mú lẹ́tà líìfù lọ bá ọ̀gá. Àbúrò mi ń ṣègbéyàwó ní Ìjẹ̀bú-Òde, èmi sì ni àkọ́bí, ìyá wa ti kú. Ọ̀gá ò ka lẹ́tà ọ̀hún tán tó fi dé agolo mílíìkì tó wà lórí tábìlì. Ó ní, "Ìwọ tó o ṣe ọlidé Iléyá, tó o tún ṣe ti June 12, líìfù wo lo ń wá?" Bẹ́ẹ̀ àna rẹ̀ tó ń gbowó lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Dubai, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Aṣọ ẹbí mi ti wà lọ́dọ̀ télọ̀. Ṣé ó lè fi ọlidé ìjọba dí líìfù mi ni?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ ìyá mi. Wọ́n ṣe é fún èmi náà níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Oyún ìbejì wà nínú mi, wọ́n ní kí n lọ bímọ láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀yìn tí àwọn ọmọ ti ń rìn ni mo tó gbọ́ pé ẹni tó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́, ó kéré tán, ìdajì owó oṣù lẹ́tọ̀ọ́ rẹ̀ nígbà ìsinmi ìbímọ. Fẹjọ́ rẹ̀ sùn!

Bọ̀dá Agbowó: Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ ìbímọ kọ́ nìyí. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ó tó ìgbà wo tó o ti wà níbẹ̀? Kí ló wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà ọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Kò sí lẹ́tà, ẹnu ni wọ́n fi gbà mí. Ṣé ìyẹn ló ní kó máa bú mi lójú àwọn ọmọ iṣẹ́?

Alhaji Ṣàgámù: Èmi náà gba èèyàn síṣẹ́. Fùláwà ti gbówó lórí, dísù ńkọ́? Ẹ máa ro ti ọ̀gá náà. Ẹni tó bá wá síṣẹ́ lọ́jọ́ ọlidé, ìlọ́po méjì lòfin ní ká san, mo sì ń san án.

Lọ́yà Òkè-Àdó: Ọlọ́run á bù kún yín, Alhaji, àmọ́ kò sí ìlọ́po méjì nínú Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà. Àdéhùn tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ń mú ìyẹn wá. Ohun tó wà ní abala 18 ni pé ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù 12 gbáko gbọ́dọ̀ gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀ pé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, ọjọ́ 12. Ọjọ́ *iṣẹ́* lòfin wí. Òfin mìíràn ló fúnni ní Iléyá, Kérésì, October 1, àti June 12 tó gba ipò May 29 lọ́dún 2019, torí náà ọ̀gá ò lè ka ọlidé ìjọba mọ́ líìfù. Ti lẹ́tà, ọ̀gá ló jẹ̀bi: kí Ọmọ Ìjẹ̀bú tó pé oṣù 3 lẹ́nu iṣẹ́ ló yẹ kó ti kọ àdéhùn iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn.

Ìyá Ìbejì: Mo ṣáà ní kó fẹjọ́ sùn!

Bọ̀dá Agbowó: Kò tíì sọ iye ọdún tó ti lò o.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ó ti lé lọ́dún kan dáadáa. Kẹ́ ẹ má sọ pé mo fi nǹkan pamọ́, ní Disẹ́ńbà, owó ilé ká mi mọ́, ọ̀gá ní kí n mú ọ̀kan: líìfù tàbí owó ọ̀sẹ̀ kan lé lórí owó oṣù. Mo gbowó, mo sì tọwọ́ bọ̀wé. Ta ni ò ní gbà á?

Alhaji Ṣàgámù: Háà! Ìwọ ọmọbìnrin yìí, o ti ta líìfù rẹ, o wá ń ba ọ̀gá ẹni ẹlẹ́ni lórúkọ jẹ́!

Bọ̀dá Agbowó: Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

Lọ́yà Òkè-Àdó: Ẹ fara balẹ̀. Abala 18 yẹn kan náà ló ní kò bófin mu kí ọ̀gá fowó dípò ìsinmi fún òṣìṣẹ́ tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ò pa ìsinmi rẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá lè bèèrè owó rẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé òfin yìí yọ àwọn tó ń darí iléeṣẹ́ sílẹ̀. Kí ni wọ́n ń pè yín níbẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Supafáísọ̀. Ṣùgbọ́n mò ń gbálẹ̀!

Lọ́yà Òkè-Àdó: Iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe gan-an lòfin ń wò. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: kíka búrẹ́dì, ìgbálẹ̀, gbogbo ẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà tuntun, ẹ bèèrè ọjọ́ 6, ẹ ní kí wọ́n máa yọ owó Disẹ́ńbà díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́. Tó bá kọ̀, ẹ lọ bá iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́, wọ́n wà n'Íbàdàn. Ilé ẹjọ́ National Industrial Court, tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, náà ń jókòó níbẹ̀. Ẹ má lọ sí Ìjẹ̀bú láìjẹ́ pé ó tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n á ní ẹ sá níṣẹ́ ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ ṣé gan-an, sà. Alẹ́ òní ni máa kọ lẹ́tà náà. Owó Disẹ́ńbà ṣá, mi ò dá a padà o, mo ti fi san owó ilé.

Alhaji Ṣàgámù: Ẹ ò rí nǹkan!