Release kọ̀ láti jáde látìgbà tí mo ti dín permissions kù nínú GitHub Actions

adé_kóòdù: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. GitHub Actions ló ń bá wa dán kóòdù wò, tó sì ń gbé e jáde fúnra ẹ̀. Mo kọ `permissions: contents: read` (pé kó kàn máa ka kóòdù, kó má yí i) sókè workflow wa (fáìlì tó ń sọ iṣẹ́ tó máa ṣe), test ń lọ geere, àmọ́ job (ìpín iṣẹ́ kan nínú workflow) tó ń gbé release (ẹ̀dà tuntun) jáde ò ṣiṣẹ́ mọ́, "Resource not accessible by integration" ló ń sọ ṣáá, ọ̀gá mi wá ní kí n yí i padà sí write-all (àṣẹ láti yí ohun gbogbo padà) kí iṣẹ́ ṣáà lè lọ. Ọkàn mi ò gbà á rárá. Kí ni ṣíṣe?

ìyá_ìbejì: Má yí i padà o jàre! Ẹni tó wá gbálẹ̀ ìta, ta ló ń fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá? Fi tòkè yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, abẹ́ job release nìkan ni kó o ti kọ:

```
permissions:
  contents: write
```

Àwọn job yòókù á ṣì máa kà lásán. Àmọ́ gbàrà tó o bá ti kọ permissions síbì kan, gbogbo èyí tó ò dárúkọ níbẹ̀ ti di none (kò sí àṣẹ kankan) nìyẹn, àfi metadata (ìsọfúnni nípa repo, ìyẹn ibi tí kóòdù wà), torí náà tí job yẹn bá tún ń gbé image (ètò tí wọ́n ti dì pọ̀ láti ṣiṣẹ́) lọ sí ghcr (ibi tí GitHub ń kó image pamọ́ sí), fi `packages: write` kún un.

sọjí77: Sọ ọ̀rọ̀ tj-actions/changed-files fún ọ̀gá ẹ, action (ètò kékeré tí ẹlòmíì kọ, tí workflow ń lò) ni. Oṣù kẹta 2025 ni wọ́n wọnú action yẹn, wọ́n yí àwọn tag ẹ̀ (orúkọ ẹ̀dà, bíi v4) sórí kóòdù burúkú, ló bá ń tú secret àwọn èèyàn (ọ̀rọ̀ aṣínà àti irú ẹ̀) sínú log (àkọsílẹ̀ iṣẹ́), repo tó ń lò ó sì lé ní 23,000, ẹni tí repo ẹ̀ bá jẹ́ public, gbogbo ayé ló lè ka log ẹ̀ o. Permissions nìkan ò lè dá ìyẹn dúró, àmọ́ ó máa ń dín ohun tí olè lè fi token (kọ́kọ́rọ́ tí GitHub ń fún job) ṣe kù. Yọ `@v4` kúrò lára àwọn action tí kì í ṣe tiyín, SHA oní-40 (lẹ́tà àti nọ́ńbà 40 tó ń dá ẹ̀dà kóòdù kan pàtó mọ̀) ni kó o fi síbẹ̀, torí tag ṣeé yí, SHA ò ṣeé yí.

adé_kóòdù: Ẹ ṣé gan-an mà, release ti jáde! Ẹ̀gbọ́n sọjí, repo wa ti pẹ́, ṣé Settings náà fẹ́ àtúnṣe?

sọjí77: Bẹ́ẹ̀ ni. Látoṣù kejì 2023 ni read ti di ohun tó máa ń wà níbẹ̀ fúnra ẹ̀ (default) fún àwọn tuntun, wọn ò fọwọ́ kan àwọn tó ti wà tẹ́lẹ̀. Settings, Actions, General, wá Workflow permissions nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ yan read. Tẹ́ ẹ bá sì ń lo `pull_request_target` (tó ń mú workflow ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ gba àtúnṣe òun wọlé), má jẹ́ kó ṣe checkout kóòdù àlejò (kó gbé e wọlé) kó wá máa mú un ṣiṣẹ́ o, token repo yín àti secret yín wà lọ́wọ́ ẹ̀ níbẹ̀.